Kí ló ń mú kí kúkíìsì fẹ́lẹ́, kí ó sì máa dún kàràkàrà lẹ́nu?

Kúkíìsì jẹ́ oríṣi bisikíìtì kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń fi fùláwà, ṣúgà, bọ́tà àti ẹyin ṣe nílé, àwọn èròjà mẹ́rin yìí kan náà ni wọ́n sì fi ń ṣe èyí tí ó nípọn tí ó sì rọ̀, àti èyí tí ó fẹ́lẹ́ tí ó ń dún kàràkàrà lábẹ́ eyín. Ohun tí ó ya méjèèjì sọ́tọ̀ kì í ṣe èròjà àjèjì kankan, bí kò ṣe ìwọ̀n tí wọ́n fi po àwọn èròjà náà, bí ààrò ṣe gbóná tó àti bí kúkíìsì ṣe pẹ́ tó nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó wà nídìí ọ̀ràn náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kà wọ́n sí ọ̀kan ṣoṣo: bí àpòpọ̀ fùláwà ṣe tẹ́ tó kí ó tó dì ni ó ń sọ kúkíìsì di fẹ́lẹ́, bí omi inú rẹ̀ ṣe jáde tó ni ó sì ń mú kí ó máa dún.

Ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń mú un fẹ́lẹ́

Kúkíìsì oníṣokoléètì tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ní Amẹ́ríkà ti ọwọ́ Ruth Wakefield jáde, ẹni tí òun àti ọkọ rẹ̀ dá ilé oúnjẹ Toll House Inn sílẹ̀ ní ìlú Whitman, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, lọ́dún 1930. Nígbà tí ó gbé ọ̀nà ìṣe rẹ̀ jáde nínú ìwé ìdáná rẹ̀ ti ọdún 1938, orúkọ tí ó sọ ọ́ tọ́ka sí dídún tí ó ń dún lẹ́nu, ìdajì ṣíbí tíì sì ni ó ní kí wọ́n máa bù sórí páànù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí àpòpọ̀ kan fi máa ń mú 100 jáde. Irú kúkíìsì bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́lẹ́ kí ó tó wọ ààrò. Iná ni ó ń tẹ́ ẹ.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn ọmọ ìjọ Moravia, àwùjọ Kristẹni kan tí ó ṣẹ̀ láti ilẹ̀ tí à ń pè ní Czech lónìí, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí North Carolina lọ́dún 1753. Àwọn wọ̀nyí máa ń fi igi yí àpòpọ̀ tí wọ́n fi atalẹ̀, kànáfùrù àti oje ìrèké dúdú tí ó ki sí, títí yóò fi tínrín bíi bébà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gé e, tí wọ́n á sì gbé e sínú ààrò. Ọwọ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ títẹ́ níbẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ tí ó ṣẹ́ kù fún iná kò ju gbígbẹ lọ.

Bí àpòpọ̀ ṣe ń tẹ́

Nínú bọ́tà, ó kéré tán ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀rá, omi ni ó sì pọ̀ jù nínú ìyókù. Ọ̀rá yìí máa ń yọ́ tán nígbà tí ooru bá fi díẹ̀ lé ní ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kò pẹ́ tí páànù bá wọ inú ààrò tí àpòpọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, tí ṣúgà tí ó ń yọ́ sínú omi díẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ á sì tún máa mú un ṣàn sí i. Ohun tí ó ń dá ìṣàn náà dúró ni púrótéènì inú ẹyin àti ti inú fùláwà, tí ooru máa ń mú kí wọ́n dì, gẹ́gẹ́ bí funfun ẹyin ṣe ń dì nínú omi gbígbóná.

Bí ó bá jẹ́ pé àpòpọ̀ tètè dì, kúkíìsì á nípọn. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó dì, á fẹ́lẹ́. Ìdí nìyí tí ṣúgà fi ṣe pàtàkì ju adùn rẹ̀ lọ, nítorí pé bí ó bá ti pọ̀ tó ni ooru tí púrótéènì nílò kí ó tó dì ṣe ń ga tó. Ìdí kan náà ni kì í jẹ́ kí iná tí ó le jù bá kúkíìsì fẹ́lẹ́ mu: ní ìwọ̀n 190, etí rẹ̀ máa ń dì kí àárín tó ṣàn tán, ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ìwọ̀n 165, ààyè wà fún un láti tẹ́ dáadáa. Àpòpọ̀ tí ó ti inú fíríìjì bọ́ sínú ààrò kì í tẹ́ tó èyí tí bọ́tà rẹ̀ ti yọ́ kí wọ́n tó pò ó.

Irú fùláwà tí wọ́n lò náà ní ipa tirẹ̀. Nígbà tí fùláwà bá kan omi, púrótéènì inú rẹ̀ máa ń so pọ̀ di okùn tí ó ń fà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní glútẹ̀nì, òun ni ó sì ń gbé búrẹ́dì ró. Púrótéènì inú fùláwà búrẹ́dì máa ń tó ìdá 12 sí 14 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ti fùláwà kéèkì jẹ́ nǹkan bí ìdá 7 sí 9, nítorí náà fùláwà búrẹ́dì máa ń fa omi mu jù, ó sì ń di àpòpọ̀ lọ́wọ́ láti tẹ́. Bákan náà ni pípò tí ó pọ̀ lápọ̀jù ṣe ń mú okùn yìí le.

Bẹ́kìn sódà, ìyẹn ìyẹ̀fun funfun tí ó ń pa ìkan nínú àpòpọ̀, máa ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ó ń tú gáàsì kábọ́ọ̀nù-dáyọ́ksáìdì jáde, tí èyí á mú kí kúkíìsì kọ́kọ́ wú, kí ó tó wálẹ̀ kí ó sì tẹ́. Lẹ́yìn náà, nítorí pé ó ti pa ìkan, ó ń sọ okùn glútẹ̀nì di aláìlágbára, ó sì ń jẹ́ kí àwọ̀ tètè pọ́n.

Bí ó ṣe ń gbẹ tí ó fi ń dún

Fífẹ́lẹ́ nìkan kò tó, nítorí pé kúkíìsì lè fẹ́lẹ́ kí ó sì máa fà lẹ́nu. Kí ó tó lè dún, omi tí bọ́tà àti ẹyin mú wá gbọ́dọ̀ jáde tó bẹ́ẹ̀ tí èyí tí ó kù kò fi ní ju ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nígbà náà ni ṣúgà tí ó ti yọ́ máa ń le bí ó ti ń tutù láìdi horo, tí ó sì ń wọ ipò tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ipò dígí, níbi tí nǹkan ti le gan-an ṣùgbọ́n tí ó ń ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni dá kúkíìsì padà sínú ààrò nítorí pé ó rọ̀ nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde: títutù ni ó ń parí iṣẹ́ náà.

Ṣúgà funfun ni ó bá iṣẹ́ yìí mu jù. Oje ìrèké tí ó wà nínú ṣúgà pupa máa ń di omi mú, ó sì ń jẹ́ kí kúkíìsì rọ̀, bí ó tilẹ̀ ń fi adùn àti àwọ̀ kún un. Àwọn Moravia lè lò ó láìsí ìṣòro nítorí pé tiwọn ti tínrín débi pé omi kò ní ibi tí ó máa sá pamọ́ sí.

Àwọ̀ ni ó ń fi hàn bóyá omi ti jáde. Lọ́dún 1912, Louis-Camille Maillard, onímọ̀ kẹ́míkà ará Faransé, ṣàlàyé bí irú àwọn ṣúgà kan àti èròjà tí ó para pọ̀ di púrótéènì ṣe ń dàpọ̀ nínú ooru tí wọ́n fi ń pọ́n, tí òórùn dídùn sì ń jáde, lọ́dún 1953 sì ni John Hodge, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, to ìpele ọ̀nà náà lẹ́sẹẹsẹ. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì pọ̀ lára kúkíìsì, ooru rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá ìwọ̀n 100, bẹ́ẹ̀ pípọ́n yìí kì í yá títí ooru yóò fi súnmọ́ ìwọ̀n 140. Ibi tí ó bá ti pọ́n, omi ti kúrò níbẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é lè po gíráàmù 115 bọ́tà yíyọ́ mọ́ gíráàmù 150 ṣúgà funfun àti funfun ẹyin kan, kí ó wá da gíráàmù 140 fùláwà sí i, pẹ̀lú ìdajì ṣíbí tíì bẹ́kìn sódà àti iyọ̀ díẹ̀, kí ó sì dáwọ́ pípò dúró ní kété tí fùláwà bá ti wọlé. Funfun ẹyin nìkan ni wọ́n lò nítorí pé ó máa ń gbẹ ju pupa rẹ̀ lọ. Ṣíbí tíì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń bù sórí bébà ìyankéèkì, pẹ̀lú àlàfo ìka mẹ́rin láàárín wọn, nínú ààrò tí ó ti gbóná dé ìwọ̀n 165. Àpòpọ̀ á kọ́kọ́ máa dán, á sì ṣàn. Á wú, á hó wótowòto létí, ojú rẹ̀ á sì wálẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú 12 sí 16, àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ á bẹ̀rẹ̀ láti etí, ṣùgbọ́n kò yẹ kí wọ́n yọ ọ́ títí àwọ̀ náà yóò fi dé àárín.

Ìdí tí ó fi ń padà rọ̀

Búrẹ́dì tí wọ́n bá gbé sílẹ̀ lásán máa ń le, bisikíìtì sì máa ń rọ̀, pàápàá ní ìlú tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tutù fún omi bí Èkó lásìkò òjò. Ṣúgà tí ó wà ní ipò dígí máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, ìwọ̀nba omi díẹ̀ sì tó láti tú líle rẹ̀ ká. Agolo tí ìdérí rẹ̀ há dáadáa ni ó yẹ kí wọ́n kó o sí nígbà tí ó bá ti tutù pátápátá, nítorí pé oru gbígbóná tí wọ́n bá dé mọ́nú agolo á di omi lára rẹ̀. Èyí tí ó bá sì ti rọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún nínú ààrò tí kò gbóná púpọ̀ lè tún un gbẹ.

Nítorí náà, nígbà tí kúkíìsì kò bá rí bí wọ́n ṣe fẹ́, ohun àkọ́kọ́ ni láti mọ èwo nínú iṣẹ́ méjèèjì ni kò parí. Èyí tí ó nípọn nílò fùláwà tí ó dín kù, bọ́tà yíyọ́ tàbí iná tí ó rọlẹ̀. Èyí tí ó fẹ́lẹ́ ṣùgbọ́n tí ó ń fà lẹ́nu nílò ṣúgà funfun dípò pupa àti ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i nínú ààrò. Ẹni tí ó bá sì fi ìwòsàn èkíní wo àìsàn èkejì á máa fi fùláwà àti bọ́tà ṣòfò.