Bẹ́ńjámínì: orúkọ tí ìyá fi ẹkún sọ, tí bàbá yí padà

Nígbà tí Rákélì, ìyàwó Jákọ́bù, bí àkọ́bí rẹ̀, Jósẹ́fù ló sọ ọ́. Àdúrà ni orúkọ náà lédè Hébérù: kí Ọlọ́run fi òmíràn kún un. Àdúrà gbà, ṣùgbọ́n ọmọ tó tọrọ ló bá ikú rẹ̀ wá. Jákọ́bù àti ìdílé rẹ̀ ti kúrò ní Bẹ́tẹ́lì, wọn ò tíì dé Ẹ́fúrátà, nígbà tí Rákélì bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí lójú ọ̀nà. Agbẹ̀bí ní kó má bẹ̀rù, pé ọkùnrin ló tún bí. Kí ẹ̀mí tó bọ́ lára rẹ̀, Rákélì pe ọmọ náà ní Ben-oni. Bàbá pè é ní Binyamin, èyí tó di Bẹ́ńjámínì lẹ́nu wa.

Kí ni ìyá rẹ̀ ń wí?

"Ben" ni ọmọ. "Oni" gan-an ló lójú méjì. Ọ̀pọ̀ olùtúmọ̀ gbà pé "ìbànújẹ́ mi" ló jẹ́, ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ "agbára mi". Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 49, Jákọ́bù fúnra rẹ̀ lo ọ̀rọ̀ náà fún Rúbẹ́nì àkọ́bí rẹ̀, agbára ló sì ní lọ́kàn.

Ramban, ọ̀mọ̀wé Júù tí wọ́n bí ní Girona ní ilẹ̀ Sípéènì ní 1194, rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní Jákọ́bù kò pa orúkọ ìyá rẹ́: apá rere ló gbá mú, ó sì fi ọ̀rọ̀ mìíràn sọ agbára yẹn. Ẹni tó bá mọ Ẹkúndayọ̀ kan ládùúgbò rẹ̀ yóò tètè lóye rẹ̀.

Ọwọ́ ọ̀tún tàbí gúúsù?

"Yamin" ni ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ agbára àti ọlá. Ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ gúúsù. Ìlà oòrùn làwọn Hébérù ìgbàanì ń pè ní iwájú. Ẹ jáde láàárọ̀, ẹ kọjú sí oòrùn tó ń yọ, kí ẹ wá na ọwọ́ ọ̀tún yín: gúúsù ló máa nà sí. Ìdí nìyẹn tí Rashi, olùkọ́ Júù ní Troyes ní ilẹ̀ Faransé (1040–1105), fi túmọ̀ orúkọ náà sí "ọmọ gúúsù". Nínú ọmọkùnrin 12 tí Jákọ́bù bí, òun nìkan ni wọ́n bí ní Kénáánì. Lápá àríwá, nílé Lábánì bàbá Rákélì, ni wọ́n ti bí àwọn yòókù.

Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ láyé. Ní 1933, àwọn awalẹ̀pìtàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Mari, ìlú àtijọ́ kan létí odò Yúfírétì ní Síríà. Nínú àwọn wàláà amọ̀ tí wọ́n hú níbẹ̀, tí ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bíi 3,700 ọdún, wọ́n ka ìròyìn àwọn darandaran kan tó ń jẹ́ "ọmọ ọ̀tún" àti àwọn mìíràn tó ń jẹ́ "ọmọ òsì". Kò sí ẹ̀rí pé ẹ̀yà Bẹ́ńjámínì ni wọ́n.

Ọmọ ọ̀tún tó ń lo òsì

Ohun tó pani lẹ́rìn-ín wà nínú ìwé Onídàájọ́. Éhúdù, ọmọ ẹ̀yà Bẹ́ńjámínì, tó so idà mọ́ itan ọ̀tún lábẹ́ aṣọ, tó sì fi pa ọba Móábù, ọlọ́wọ́ òsì ni. Ìwé kan náà ka 700 ọkùnrin ẹ̀yà yìí tí gbogbo wọn ń lo ọwọ́ òsì, tí kànnàkànnà wọn kì í tàsé irun orí kan.

Ẹ̀yà yìí náà ló bí Sọ́ọ̀lù, ọba àkọ́kọ́ Ísírẹ́lì, àti àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù.

Lédè Faransé, "benjamin" ti di orúkọ fún àbíkẹ́yìn. Nítorí náà, Káyọ̀dé ni ọmọ kan lè máa jẹ́ ní Kétu tàbí Sábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, kí tíṣà sì fi Faransé pè é ní benjamin ilé wọn. Ṣùgbọ́n àbíkẹ́yìn kọ́ ni ìtumọ̀ orúkọ yìí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ipò tí Bẹ́ńjámínì wà láàárín àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fa ìlò yẹn.

Orúkọ tí bàbá sọ ló lékè. Ben-oni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló jẹ yọ nínú gbogbo Bíbélì.