Gìtá MIDI àti Kọ̀ǹpútà Ilé

Òbí tí ó bá ra gìtá MIDI fún ọmọ rẹ̀, tí ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tí kò gbọ́ nǹkan kan, kí ó má tíì sọ pé owó òun ṣòfò.

MIDI, tí ó jáde ní ọdún 1983, kì í gbé ìró. Bí àrokò ni: ó ń sọ ohùn tí a ta àti bí ó ti le tó. Ètò orin inú kọ̀ǹpútà ni yóò túmọ̀ rẹ̀ di dùùrù tàbí fèrè. Bí kò bá sí ètò bẹ́ẹ̀, kẹ́kẹ́ á pa.

Ọ̀nà 16 tí à ń pè ní channel ni MIDI ní. Kí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí wọ́n bá jùmọ̀ gba ọ̀kan, bí ọmọ bá fa okùn kan, ohùn ìyókù á yẹ̀ pẹ̀lú.

Níbi tí ẹ̀rọ bá ti ń fetí sí okùn, èyí tí ó nípọn jù ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 82 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ ní láti dúró díẹ̀ kí ó tó mọ ohùn rẹ̀. Nítorí náà, bí ìró bá pẹ́, ẹ má bá ọmọ wí.