Ewé Tó Gba Ojú Ọ̀sà Mọ́ Ẹja Lọ́wọ́

Bí ẹ bá ti gba orí afárá Third Mainland kọjá lásìkò òjò, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí i: ewé tútù yọ̀yọ̀ tó tẹ́ sójú ọ̀sà Èkó bíi kápẹ́ẹ̀tì, tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ elésè-àlùkò. Ó rẹwà lóòótọ́, àmọ́ ẹ bi àwọn apẹja wò! Water hyacinth ni. Agbègbè odò Amazon ló ti wá. Ọdún 1984 ni wọ́n kéfín rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní odò Àgbádárìgì. Ìhà Àjàṣẹ́ ló ti bá omi wọlé.

Kí ló wá burú nínú ewé? Ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀sà ṣe ń jẹun ná. Àwọn ewéko tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ nínú omi. Kòkòrò omi á jẹ wọ́n, ẹja kékeré á jẹ kòkòrò, ẹja ńlá á jẹ kékeré, àwa náà á wá ju àwọ̀n. Èyí tó bá kú, bakitéríà á sọ ọ́ di ajílẹ̀. Tí oòrùn ò bá wọ omi, gbogbo wọn ló kàn. Ohun tí ewé yìí sì ń ṣe gan-an nìyẹn: ó bo ojú omi pa. Tí òun náà bá kú tó rì, bakitéríà tó ń jẹ ẹ́ á lo ọ́síjìn inú omi, ẹja á wá máa wá èémí kiri.

Ṣé bó ṣe ń ṣe odò Amazon náà nìyẹn? Rárá o. Àwọn kòkòrò kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé òun ni oúnjẹ wọn. Nígbà tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, kò mú ọ̀tá dání. Ó tún wá bá ìdọ̀tí ìgboro tó ń ṣàn wọ ọ̀sà. Ajílẹ̀ ọ̀fẹ́! Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè di ìlọ́po méjì. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi kó kòkòrò náà wá sí Benin ní àwọn ọdún 1990.

Ní Èkó, iyọ̀ ló ń bá a jà. Nígbà ẹ̀rùn, omi odò tó ń wá láti òkè á dín kù, omi òkun á wá ráyè wọ ọ̀sà. Ewé yìí ò lè gba iyọ̀ mọ́ra. Á ṣá, á rọ, á kú. Tí òjò bá tún dé, iyọ̀ á fà sẹ́yìn, èyí tó sá pamọ́ sínú àwọn odò tí iyọ̀ ò dé á tún bá omi ṣàn padà wá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá iyọ̀ ti wọ ọ̀sà kò nílò ẹ̀rọ kankan, kó ṣáà wo àwọ̀ ewé náà láti orí afárá.