Bí Ẹni Tí Chicago Ń Wá Ṣe Di Sẹ́nétọ̀ Ìjẹ̀bú

Ní Sátidé, ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún, ọdún 2015, àwọn òṣìṣẹ́ NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, rọ̀gbà yí ilé kan ká ní Lekki, l'Ékòó. Ẹni tí wọ́n wá mú kì í ṣe ẹni tó ń sá pamọ́ kiri. Buruji Kashamu ni, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, tí àwọn olùdìbò Ìlà-Oòrùn Ògùn dìbò yàn ní oṣù méjì ṣáájú pé kó lọ ṣojú àwọn nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà l'Ábùjá. Wọ́n ká a mọ́lé fún ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n ní Amẹ́ríkà ló ń bèèrè rẹ̀, kó lọ jẹ́jọ́ ẹ̀sùn heroin ní Chicago. Òun ní irọ́ ni, pé àwọn ọ̀tá òun nínú òṣèlú ló fẹ́ jí òun gbé kí wọ́n má baà búra wọlé fún òun. Nígbà tó yá, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí àwọn agbófinró kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀sùn yìí ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún lọ́jọ́ náà. Báwo ni ẹni tí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ ṣe di aṣojú Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ?

Ọdún 1958 ni wọ́n bí Kashamu sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Nígbà tó fi dàgbà, òwò oògùn olóró ti ń tàbùkù orúkọ Nàìjíríà. Ní 1984, ìjọba ológun Buhari ṣòfin tó fi ikú ṣe ìjìyà òwò náà, wọ́n sì yìnbọn pa ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta l'Ékòó ní 1985. Ìyẹn kò dá òwò náà dúró. Ètò ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, náírà já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì rí i pé ẹrù kékeré kan tó gba pápákọ̀ òfuurufú kọjá lè mú owó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún wálé. Ní 1989 ni ìjọba Babangida dá NDLEA sílẹ̀.

Ní ọdún 1998, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ẹ̀sùn wò ní Chicago fẹ̀sùn kan Kashamu àti àwọn mìíràn pé wọ́n ń kó heroin wọ Amẹ́ríkà. Ìjọba Amẹ́ríkà ní Kashamu ni ọ̀gá wọn, pé "Aláàjì" ni àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ fẹ̀sùn kàn gbà pé àwọn jẹ̀bi. Ọ̀kan nínú wọn ni Piper Kerman, obìnrin tó kàwé gboyè ní ilé-ìwé gíga Smith, tó ti gbé owó oògùn náà láti Chicago lọ sí Brussels. Ó lo ọdún kan ó lé lẹ́wọ̀n. Ní 2010 ó kọ ìwé lórí ohun tójú rẹ̀ rí, Orange Is the New Black, Netflix sì sọ ọ́ di eré ní 2013. Bí ẹ̀sùn tó kan ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ṣe di ohun tí gbogbo ayé ń wò nínú tẹlifíṣọ̀n nìyẹn.

Kashamu kò tẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ jẹ́jọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1998 ni wọ́n mú un ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì jù ú sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Brixton kí Amẹ́ríkà lè wá gbà á. Ẹjọ́ náà fà títí di oṣù Kìíní ọdún 2003. Ó ní kì í ṣe òun, pé ọmọ ìyá òun tó jọ òun gan-an ni oníṣòwò oògùn náà, pé òun gan-an ló ń ta àwọn agbófinró lólobó. Adájọ́ Tim Workman ní kò dá òun lójú pé Kashamu ni Aláàjì tí Amẹ́ríkà ń wá. Ó dá a sílẹ̀, Kashamu sì padà wálé.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló yẹ ká fara balẹ̀ wò. Kashamu dé pẹ̀lú owó, ó dáwọ́ lé òwò, ó dá Omo-Ilu Foundation sílẹ̀, ó sì di olóore lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, a mọyì ẹni tó là tó sì rántí ilé. Ẹni bẹ́ẹ̀ la máa ń fún lóyè, òun la máa ń fi sí iwájú. Kò sí àìdáa níbẹ̀. Ibi tó ti di àìdáa ni pé a kì í bèèrè ohunkóhun mọ́ lẹ́yìn tí a bá ti gba ohun tí wọ́n fún wa.

Òṣèlú ló ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí ìjà Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ àti Gómìnà Gbénga Dáníẹ́lì tú ẹgbẹ́ PDP Ògùn ká, ààyè ṣófo, Kashamu sì wọlé síbẹ̀. Ẹgbẹ́ náà fẹ́ owó àti ẹni tó lè kó èèyàn jọ. Ó ní méjèèjì. Láìpẹ́ ó di alágbára nínú PDP gbogbo ìhà Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2014, Ọbásanjọ́ kọ lẹ́tà sí alága ẹgbẹ́ náà, Bamanga Tukur, pé òun yóò yẹra fún PDP bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń darí rẹ̀. Kashamu gbé Ọbásanjọ́ lọ sílé-ẹjọ́ pé ó ba òun lórúkọ jẹ́, ó sì gba àṣẹ l'Ábùjá ní oṣù Kejìlá ọdún náà tí wọ́n fi ní kí wọ́n dá títa ìwé Ọbásanjọ́, My Watch, dúró.

Ní Chicago, ó bẹ àwọn agbẹjọ́rò níṣẹ́ pé kí wọ́n pa ẹ̀sùn náà rẹ́. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kọ̀ ní 2011, Adájọ́ Richard Posner sì ṣàlàyé pé ohun tí adájọ́ Lọ́ńdọ̀nù sọ kò di ọ̀nà pa mọ́ ilé-ẹjọ́ Amẹ́ríkà. Ní 2014, agbẹjọ́rò Kashamu ní ẹjọ́ náà ti pẹ́ jù. Ilé-ẹjọ́ tún kọ̀: ẹni tó bá fẹ́ kí ẹjọ́ òun yá, kó wá jẹ́ ẹ.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2015, ó borí Dàpọ̀ Abíọ́dún ti APC nínú ìdìbò sẹ́nétọ̀. Lẹ́yìn ìjà Lekki, Adájọ́ Gabriel Kolawole da ìbéèrè NDLEA láti fà á lé Amẹ́ríkà lọ́wọ́ nù ní oṣù Keje. Kashamu jókòó sílé aṣòfin fún ọdún mẹ́rin. Ní 2018, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn l'Ékòó yí ìdájọ́ tó ti ń dáàbò bò ó padà, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ọdún yẹn kan náà ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. PDP lé e kúrò nínú ẹgbẹ́. Ó gba ilé-ẹjọ́ lọ, ó sì gba tíkẹ́ẹ̀tì gómìnà mọ́ Ladi Adébùtú lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ka ìbò ní oṣù Kẹta ọdún 2019, ipò kẹrin ló wà. Dàpọ̀ Abíọ́dún tí Kashamu ti borí rí ló di gómìnà. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, àrùn kòrónà pa Kashamu l'Ékòó lẹ́ni ọdún méjìlélọ́gọ́ta. Wọ́n sin ín sí Ìjẹ̀bú-Igbó ní ìlànà Mùsùlùmí. Nínú lẹ́tà ìbánikẹ́dùn rẹ̀, Ọbásanjọ́ kọ ọ́ pé Kashamu lo òfin àti òṣèlú láti yẹra fún ìdájọ́ nígbà ayé rẹ̀, àmọ́ kò rí ikú yẹ̀. Àwọn kan ní òótọ́ ló sọ. Àwọn mìíràn, títí kan Ayọ̀ Fáyóṣe, gómìnà Èkìtì tẹ́lẹ̀ rí, bínú pé kò yẹ kí àgbà sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí òkú.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan nirú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní India, Atiq Ahmed tó ní ẹ̀sùn ìwà ọ̀daràn tó lé ní ọgọ́rùn-ún wọlé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní ìgbà márùn-ún, ó sì tún dé ilé aṣòfin àpapọ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023 ni ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi lórí ẹjọ́ ìjínigbé. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n yìnbọn pa á níwájú kámẹ́rà nígbà tó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ìyàtọ̀ ńlá wà: ilé-ẹjọ́ dá Atiq lẹ́bi, kò sí ilé-ẹjọ́ kankan tó dá Kashamu lẹ́bi. Ibi tí wọ́n ti jọra ni pé ìbò aráàlú ló di apata fún àwọn méjèèjì nígbà tí ẹjọ́ ń dúró dè wọ́n.

Àwọn àgbà ní agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà mi ò ní pe Kashamu ní ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ni ẹjọ́ tí a kò jẹ́ yìí tiẹ̀ ṣe ní ìkà jù, torí ẹ̀sùn náà bá a wọ sàréè, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń jogún rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé òótọ́ ni ẹ̀sùn náà, a jẹ́ pé ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́sàn-án, láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣágámù àti etí òkun, ló fọwọ́ ara wọn gbé ojú rere fún ẹni tó ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ọ̀nà méjèèjì la ti pàdánù. Ẹgbẹ́ òṣèlú tó gba owó láìbèèrè jẹ̀bi. Ìjọba tó fi ẹjọ́ náà falẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún jẹ̀bi. Àwa tí a tẹ̀ka náà jẹ̀bi.

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú, ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, ìdìbò mìíràn ń bọ̀. Ẹni tó bá wá bẹ̀ yín fún ìbò pẹ̀lú ẹjọ́ lọ́rùn, ẹ sọ fún un pé kó kọ́kọ́ lọ parí ẹjọ́ rẹ̀. Bó bá ṣẹ́gun níbẹ̀, ẹ dìbò fún un tayọ̀tayọ̀. Bí kò bá lọ, ẹ má ṣe tẹ̀ka fún un, iye yòówù kó ná.