Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìlú àwọn Yorùbá ní Kumasi

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú jẹ́ àjọ ìrànwọ́ tí àwọn oníṣòwò Yorùbá dá sílẹ̀ ní Kumasi, olú-ìlú ilẹ̀ Asante ní orílẹ̀-èdè Gánà. Lẹ́yìn tí ojú irin láti Sekondi dé Kumasi ní ọdún 1903, òwò gbèrú níbẹ̀. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà àti ìlú mìíràn sì tẹ̀dó síbẹ̀. Owó tí ọmọ ẹgbẹ́ ń dá ni a fi ń tọ́jú aláìsàn, tí a fi ń sin òkú, tí a sì fi ń ṣèrànwọ́ fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè nílé. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ni ó ń parí ìjà.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kúrò. Nínú nǹkan bí 100,000 Yorùbá tí ìkànìyàn ọdún 1960 kà ní Gánà, ọ̀pọ̀ jùlọ ni ó padà sílé, ẹgbẹ́ púpọ̀ sì tú ká. Fún àwọn tí a bí sí Gánà, ẹbí àti ẹgbẹ́ ni ó ti so wọ́n mọ́ ìlú tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbé rí.