Ẹ̀rọ Kékeré Ló Bá Douala Mu

Láti àwọn ọdún 1950 tí wọ́n ti sé odò Sanaga ní Edéa ni Douala ní Kamẹrúùnù ti ń jẹ iná odò náà. Ibùdó iná Song Loulou tẹ̀lé e; Nachtigal tó lè mú 420 mẹ́gáwáàtì wá sì parí ní 2025. Síbẹ̀, iná ṣì ń lọ. Omi a máa fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nachtigal wà lẹ́yìn Yaoundé lọ́hùn-ún, ọ̀nà wáyà tí iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ rìn kó tó dé etíkun sì gùn. Nítorí náà, bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bá ní àwọn fẹ́ so átọ́ọ̀mù pọ̀ bí oòrùn ṣe ń ṣe, kí iná lè tibẹ̀ wá, ohun tó yẹ kí ará Douala kọ́kọ́ bi wọ́n ni bí ẹ̀rọ náà ṣe tóbi tó, àti bóyá ó lè gba àyè nítòsí àwọn ilé iṣẹ́ àdúgbò Bassa.

Oríṣi háídrójìn méjì tó wúwo ni wọ́n sábà ń lò. Ooru tó ń so wọ́n pọ̀ kọjá ohun tí irin kankan lè gbà mọ́ra. ITER tí wọ́n ń kọ́ ní gúúsù Faransé yóò fi màgínẹ́ẹ̀tì ràbàtà ká gáàsì tó gbóná bẹ́ẹ̀ mọ́: ẹ̀rọ tó wúwo tó 23,000 tọ́ọ̀nù, tí wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ ìwádìí inú rẹ̀ di 2034. Nachtigal mìíràn nìyẹn! Ilé iṣẹ́ Zap Energy ní Amẹ́ríkà ń gba ọ̀nà tó rọrùn jù. Wọ́n ń rán iná gba inú gáàsì gbígbóná náà kọjá, agbára màgínẹ́ẹ̀tì tí iná yẹn fúnra rẹ̀ bí ni yóò sì fún un pọ̀. Tẹ́lẹ̀, gáàsì náà a máa wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò, a sì túká lójú ẹsẹ̀, títí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Washington fi rí i pé bí ìpele rẹ̀ bá ń sáré ju ara wọn lọ, ó máa ń pẹ́ kó tó túká. Nǹkan bí 50 mẹ́gáwáàtì ni wọ́n ń fojú sùn fún ẹ̀rọ kan.

Àlá lásán kọ́? Títí di báyìí, bẹ́ẹ̀ ni: ẹ̀rọ Zap kò tíì mú agbára tó ju èyí tó ń jẹ lọ jáde. Ní 2022, ilé ìwádìí Livermore ní California fi 2.05 mẹ́gájúùlù lésà rí 3.15 gbà, ayé sì pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 300 ni lésà náà fà lára wáyà. Ẹlòmíràn á ní oòrùn wà, owó páànẹ́ẹ̀lì sì ti wálẹ̀. Kí Douala lò ó lónìí, mo fara mọ́ ọn, àmọ́ òjò ibẹ̀ ń ju 3,000 mìlímítà lọ lọ́dún, ilé iṣẹ́ kì í sì í sùn lóru. Ní ti ewu, bí nǹkan bá yọnu, iná inú ẹ̀rọ náà á kú fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri rẹ̀ yóò máa gba ìtànṣán sára. Ìdí nìyí tí ANRP, àjọ ìjọba Kamẹrúùnù tó ń rí sí ààbò lọ́wọ́ ìtànṣán, kò fi gbọdọ̀ dúró kí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gúnlẹ̀ sí èbúté kó tó mọ bí yóò ṣe yẹ̀ ẹ́ wò.