Ta ni yóò gbin kájú? Ẹ̀tanú akọ-n-bábo ní Bantè àti Savalou

Ní Bantè àti Savalou, ní ẹkùn Collines tó wà láàárín gbùngbùn ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, igi kájú ju igi lásán lọ. Ẹni tí wọ́n yá ní ilẹ̀ lè gbin ẹ̀gẹ́, ẹ̀pà, ẹ̀wà tàbí sóyà sí i, nítorí ìwọ̀nyí kì í pẹ́ kúrò lórí ilẹ̀. Igi ni wọn kì í fẹ́ kó gbìn. Kájú a máa so láti nǹkan bí ọdún kẹta, a sì máa dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹni tó bá gbìn ín tí ẹnikẹ́ni kò dá a lẹ́kun ti fi ẹ̀rí lélẹ̀ pé òun ló ni ilẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ obìnrin ló jẹ́ pé ilẹ̀ tí ọkọ, àna tàbí arákùnrin wọn yọ̀ǹda fún wọn ni wọ́n ń ro. Ẹnikẹ́ni kò bú wọn, ẹnikẹ́ni kò nà wọ́n, síbẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn ohun ọ̀gbìn tó ń mówó wọlé jù ní agbègbè wọn ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti fòfin de kíkó kájú tí wọn kò tíì pa lọ sí òkè òkun, kí iṣẹ́ àti èrè rẹ̀ lè kù sílé. Ẹni tí kò nígi, ìwọ̀nba owó iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ló lè kàn án nínú èrè náà.

Ohun tí mò ń pè ní ẹ̀tanú akọ-n-bábo ojoojúmọ́ nìyẹn: kí á ti díwọ̀n ohun tí ènìyàn lè ṣe àti ohun tó tọ́ sí i kí á tó wo ojú ẹni náà rárá, kìkì nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Ó ń gba inú àwàdà wọlé, ó ń gba inú ìkìlọ̀ òbí wọlé, àní ó ń gba inú ìyìn pàápàá. Ní ọdún 2012 ni Laura Bates bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú ìrírí bẹ́ẹ̀ jọ láti ẹnu àwọn obìnrin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ní 2001 ni Janet Swim àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti tẹ ìwádìí kan jáde, tí wọ́n ti ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, lọ́kùnrin lóbìnrin, máa kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí wọn sílẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn obìnrin kọ nǹkan bí ìṣẹ̀lẹ̀ kan sí méjì lọ́sẹ̀, irú èyí tó dùn wọ́n wọra. Àwọn ọkùnrin náà kọ tiwọn, àmọ́ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń bèèrè bóyá ẹ̀tanú yìí ń kan ọkùnrin ti rí ìdáhùn tipẹ́: ó ń kàn án. Èyí tó kù láti yẹ̀ wò ni ọ̀nà tó gbà ń kàn án, àti ìwọ̀n ẹrù tó já lé ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí. Èrò tèmi ni pé ẹ̀tanú kan ṣoṣo ni, kì í ṣe méjì. Obìnrin ń fi dúkìá àti ohùn rẹ̀ san gbèsè rẹ̀. Ọkùnrin ń fi ara rẹ̀ san án, ṣùgbọ́n àga tí ẹ̀tanú náà fún un jókòó lé ni ó ń sanwó fún.

Kò sí ibi tí èyí ti hàn kedere tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń filé sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2003, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní Abẹ́òkúta padà sílé. Ọmọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, púpọ̀ sì wá láti Zakpota, ní ẹkùn Zou tó bá Collines pààlà. Láti irú ilé kan náà, tí òṣì kan náà ń bá fínra, ni wọ́n ti ń mú ọmọbìnrin lọ bá alágbàtọ́ ní Cotonou. Vidomègon ni èdè Fọ̀n ń pè é, ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹlòmíràn: ó ń gbálẹ̀, ó ń fọ abọ́, ó ń kiri ọjà. Ta ló yan òkúta fún ọmọkùnrin, tó sì yan ìgbálẹ̀ fún ọmọbìnrin? Èrò kan náà ni. Wọ́n gbà pé ara ọkùnrin le, kò sóhun tó máa ṣe é. Wọ́n gbà pé obìnrin kò ní ibòmíràn ju ìdí ààrò lọ. Ó ba ọkàn jẹ́ pé wọ́n lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé ọmọ tí kò tíì gbọ́njú, kí wọ́n sì pè é ní ìyìn. Neil Howard, olùwádìí tó bá àwọn ọ̀dọ́ Zakpota sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, rí i pé púpọ̀ nínú wọn ni ẹnikẹ́ni kò jí gbé. Àwọn fúnra wọn ló fẹ́ lọ wá owó, kí wọ́n lè padà wálé kí ojú má tì wọ́n. Èmi kò rí ìtùnú nínú ìyẹn. Ọmọ tó gbà pé òun kò tíì di ọkùnrin títí òun yóò fi fọ́ òkúta, a ti fọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀ kí ó tó gbé òòlù. Àmọ́ ìyàtọ̀ kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbójú fò: owó tí ọmọkùnrin bá mú bọ̀ lè fi alùpùpù tàbí ilé tirẹ̀ lé e lọ́wọ́; ọmọbìnrin tó fi ọdún márùn-ún gbálẹ̀ lè padà lọ́wọ́ òfo, ilẹ̀ tó máa bá nílé kò sì sí lórúkọ rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ti ṣàlàyé ohun tó so ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀. Joseph Vandello àti Jennifer Bosson kọ ọ́ ní 2008 pé ní ọ̀pọ̀ ibi, jíjẹ́ ọkùnrin dà bí oyè tí a gbọ́dọ̀ jà gbà, tí wọ́n sì lè gbà padà lọ́wọ́ ẹni nígbàkigbà. Kò sí ẹni tó ń sọ fún obìnrin pé kì í ṣe obìnrin mọ́ nítorí pé ó sunkún. Wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin. Ní oko iṣu Savalou, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọdún iṣu tuntun lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹjọ lọ́dọọdún, kò rọrùn fún ọkùnrin tí ẹ̀yìn ń dùn láti sọ pé òun kò lè kọ ebè mọ́, nítorí àwọn ènìyàn yóò ní obìnrin ló dà.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Peter Glick àti Susan Fiske ló wọ̀ mí lára jù. Wọ́n fi hàn ní 1996 pé ẹ̀tanú sí obìnrin ní ojú méjì: ọ̀kan ń bú u, èkejì ń kẹ́ ẹ. Èyí tó ń kẹ́ ẹ ni ó ń sọ pé obìnrin jẹ́ ẹlẹgẹ́, pé kó má ṣe wàhálà, ọkọ rẹ̀ yóò ṣe é. Ní 2000, ìwádìí wọn láàárín àwọn ènìyàn tó ju 15,000 lọ ní orílẹ̀-èdè 19, tí Nàìjíríà wà lára wọn, fi hàn pé ibi tí ìkẹ́ yẹn ti pọ̀ ni èébú ti pọ̀, ibẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ ipò láàárín ọkùnrin àti obìnrin ti le jù. Ní 2004, wọ́n wá yẹ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa ọkùnrin wò ní orílẹ̀-èdè 16. Ibi tí wọ́n ti ń sọ pé ìkà ni ọkùnrin, agbéraga ni wọ́n, ṣùgbọ́n akọni ni wọ́n, ibẹ̀ náà ni ipò obìnrin ti burú jù. Ẹ jẹ́ kí á fara balẹ̀ wo ìyẹn. Nígbà tí obìnrin mẹ́ta bá jókòó síbi tí wọ́n ti ń yan gàrí Sohui tí Savalou fi lórúkọ, tí wọ́n ń sọ pé bákan náà ni gbogbo ọkùnrin ṣe rí, ó lè dà bíi pé wọ́n ń gbẹ̀san. Ohun tí ìwádìí náà ń fi hàn ni pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbé àga kúrò nídìí ọkùnrin. Ó ń sọ fún un pé bí a ṣe dá a nìyẹn, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i.

Àwọn kan yóò ní àṣà wa nìyí, àwọn mìíràn yóò sì ní kì í ṣe tiwa rárá, òyìnbó ló gbé e dé. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí ló gbé èkejì kalẹ̀ jù, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1997: ó ní láyé àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá, ọjọ́ orí àti ìgbà tí ènìyàn wọ agbo ilé ló ń fi ẹni sípò, kì í ṣe akọ tàbí abo. Èdè wa gbè é. “Ó” la ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin. Ọmọ-ilé tó jẹ́ obìnrin sì jẹ́ “ọkọ” fún ìyàwó tí wọ́n gbé wọ ilé bàbá rẹ̀. Ìwé pẹ̀lú gbè é: ní 1931, ìjọba amúnisìn Faransé kó ohun tí wọ́n pè ní àṣà ìbílẹ̀ Dahomey, bí wọ́n ṣe ń pe Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà, jọ sínú ìwé kan, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé obìnrin kò ní ẹ̀tọ́ láti dá dúró níwájú òfin. Ohun tí àwọn agbo ilé ń jíròrò lé lórí, tí wọ́n ń tún ṣe, di ohun tí yíǹkì ti mú gan-an. Kò di ọdún 1996 kí Ilé Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ tó sọ pé ìwé náà kò ní agbára òfin. Mo gba púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ Oyěwùmí. Síbẹ̀, “ó” tí kò yà wá sọ́tọ̀ lẹ́nu kò ní kí a má yà wá sọ́tọ̀ nídìí ogún, àwọn tó sì ń sọ fún wa pé ọmọ tó bá dára ti bàbá ni, èyí tí kò bá dára ti ìyá rẹ̀, kì í ṣe òyìnbó.

Àtakò tó le jù ni ti ẹni tó bá ní, bí ẹ̀tanú yìí bá ń pa ọkùnrin lára, kí ló dé tí gbogbo òfin tuntun fi ń wo obìnrin nìkan? Òótọ́ ni pé wọ́n pọ̀. Òfin ẹbí tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹjọ 2004 ní kí ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin jogún bákan náà. Òfin ilẹ̀ ti 2013 ní kí àǹfààní ilẹ̀ dọ́gba. Nínú ìbò ilé aṣòfin ọjọ́ 8 oṣù Kìíní 2023, wọ́n ya ìjókòó 24 nínú 109 sọ́tọ̀ fún obìnrin. Ṣùgbọ́n nínú ilé aṣòfin tó ṣáájú, tó ní ìjókòó 83, obìnrin kò tó mẹ́wàá. Òfin ogún sì ti wà fún ogún ọdún ó lé, síbẹ̀ obìnrin tó bá fẹ́ ìpín tirẹ̀ gbọ́dọ̀ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́jọ́, kí ó sì padà wá bá a jẹun lọ́dún iṣu. Ọkùnrin tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ó sunkún ní ìrora tó jẹ́ òótọ́, mi ò sì ní bu omi là á; ṣùgbọ́n bó bá nu ojú rẹ̀ tán, ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ṣì ń dúró dè é.

Ẹni tó rò pé ohun tí obìnrin bá gbà, lọ́wọ́ ọkùnrin ló ti gbà á, kí ó wo òfin àgbèrè. Inú ìwé òfin Faransé ti 1810 ni wọ́n ti mú un wá, ó sì wà ní Bẹ̀nẹ̀ títí di ìgbà tiwa. Ìyàwó tó bá ṣe àgbèrè, níbikíbi tó wù kó jẹ́, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta sí ọdún méjì ni. Ọkọ kò jẹ̀bi àfi bó bá gbé àlè wá sínú ilé tí òun àti ìyàwó jọ ń gbé, owó ìtanràn lásán sì ni yóò san. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí wọ́n bá mú pẹ̀lú ìyàwó oníyàwó, iye ọdún kan náà ni yóò lò lẹ́wọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Lọ́jọ́ 30 oṣù Keje 2009, Ilé Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ sọ pé òfin náà lòdì sí ìdọ́gba ọkùnrin àti obìnrin. Lọ́jọ́ tí abala tó ń rán ìyàwó lẹ́wọ̀n ṣubú, èyí tó ń rán ọkùnrin yẹn tẹ̀ lé e náà bá a ṣubú.